Ìdánwò Mọ́tò: Ẹ Kọ́ Ọ, Ẹ Má Rà Á

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ wa ní Kaduna!  A bá Akápò wa yọ̀, ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin. Wọ́n ti kó ọmọ jáde, wọ́n sì ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ni mo ń bá wí lóṣù yìí, àwọn tí ń wá lésìnsì kíákíá kí wọ́n lè fi mọ́tò gbé ìyá àti bàbá wọn relé fún ọdún. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan ń bèèrè iye tí wọn yóò san kí wọ́n má baà ṣe ìdánwò rárá. Ẹ jọ̀wọ́, láti ibí dé Lókója, títí dé Ìlọrin, èló ni ẹ ó san fún tirela tí ń bọ̀ níwájú yín? Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, VIO yóò dán ni wò, kí FRSC tó fún ni ní ìwé. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 18 kò lè gbà á.

Ní ti ìbéèrè, ẹ kọ́kọ́ mọ ìrísí àmì ojú ọ̀nà. Onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa ń kìlọ̀ ni, àfi èyí tí ó dorí kodò, tí ń ní kí a fún ẹlòmíràn lọ́nà. Róbótó tí etí rẹ̀ pupa ń sọ pé má ṣe é; róbótó aláwọ̀ búlúù ń sọ pé dandan ni. Ní ráńdábáòtù, ẹni tí ó ti wà nínú rẹ̀, tí ń ti ọwọ́ òsì wa bọ̀, ni ó ni ọ̀nà. Èyí, ẹ má bi àwọn bàbá tí wọ́n kọ́ mọ́tò ṣáájú 2 April, 1972: apá òsì ni wọ́n ń rìn nígbà náà!

Ní ti wíwà á, bíbẹ̀rẹ̀ lórí òkè ni ó le jù lójú mi. Ẹ fa hándíbúréèkì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ki gíà kìíní. Ẹ rọra gbé kílọ́ọ̀ṣì títí ọkọ̀ yóò fi gbọ̀n díẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ kan tọ́tù, nígbà náà ni kí ẹ tó tú hándíbúréèkì.

Nítorí iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ibi tí títì gbé dábùú ojú irin. Bí dírẹ́bà rélùwéè bá tilẹ̀ fa búréèkì pátápátá, ọkọ̀ náà yóò ṣì sáré ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà, kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Ní 9 March, 2023, ní Ìkẹjà, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó àti rélùwéè kọlu ara wọn, ẹ̀mí ṣòfò. Ẹ dúró, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ pa rédíò, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Ẹ má gun irin bí kò bá sí àyè ní òdìkejì tí ó gba ọkọ̀ yín tán. Bí ọkọ̀ bá kú sórí rẹ̀, ẹ kó ènìyàn jáde ná. Ẹ má jókòó tì í pé ẹ̀ ń ṣíná.

Ọmọ Ẹgbẹ́ wa kan tí ó ti ń wa bọ́ọ̀sì tipẹ́ gbà láti máa bi àwọn ọ̀dọ́ ní ìbéèrè lẹ́yìn ìpàdé Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ̀yin obìnrin náà, ẹ wá. Ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́ wa yege tirẹ̀ lóṣù tí ó kọjá, ní ẹ̀ẹ̀kejì tí ó lọ.