Obì Kì í Rí Iná: Ẹ Gbé Ọtapíápíá Kúrò Nídìí Agbọ̀n

Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti wọlé, ilẹ̀ Rẹ́mọ kì í sinmi mọ́. Obì gbàǹja ti gbó lórí igi, àwọn oníṣòwò Háúsá ti ń dúnàádúrà ní Sábó Ṣágámù, títí oṣù Ọ̀pẹ á sì fi parí, ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya kò ní í dáwọ́ dúró. Nínú oko ẹbí, iṣẹ́ náà kárí gbogbo ilé. Àwọn géńdé ń fi gọ̀ǹgọ̀ já èso, àwọn ọmọdé ń ṣà á jọ, àwọn ìyá jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n ń là á, wọ́n ń bó o. Nàìjíríà ló ń mú obì jáde jù lọ láyé, igi tí bàbá àgbà gbìn sì lè máa so fún ọmọ ọmọ rẹ̀, nítorí igi obì a máa lò ju 50 ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ń ká obì lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹni tó bá lè tọ́jú tirẹ̀ di ìgbà ọ̀wọ́n ló ń jèrè gidi, kòkòrò kì í sì í fẹ́ kí ó dé ìgbà náà. Ìbẹ̀rù kòkòrò yìí ló ń sún àwọn kan dé ìdí ìgò ọtapíápíá, oògùn apakòkòrò. Wọ́n á po Sniper tàbí Gammalin 20 mọ́ omi, wọ́n á wọ́n ọn sára obì, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á di agbọ̀n. Ta ni yóò wá jẹ ẹ́?

Ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn sí, a ṣì máa ṣà á, a máa fọ̀ ọ́, a máa sè é, síbẹ̀ ọkàn ẹni kì í balẹ̀ sí i. Obì ńkọ́, tí a kì í sè, tí a kì í yan? Láti inú agbọ̀n, ẹnu ló kàn. Arúgbó ń rún un, awakọ̀ ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà gbé e lọ, ìyá ọmọ tuntun náà sì ń jẹ nínú rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ.

Dichlorvos ló wà nínú Sniper. Iṣan ara ló ń bá jà: itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹni tó bá kó sí lára, òógùn á bò ó, á máa bì, mímí á sì nira fún un. Ti Gammalin 20 kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Stockholm fi lindane, tí í ṣe oògùn inú rẹ̀, sára àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò dichlorvos kéékèèké, èyí tí kò ju 100ml lọ, nítorí ìlòkulò tó ti gbòde.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè kan àpò òun, kó bi àwọn oníṣòwò ẹ̀wà. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sì tún sún un síwájú. Òfin náà kò yọ ẹni tí kò lo oògùn rárá sílẹ̀.

Ohun tó tilẹ̀ ń dun ènìyàn ni pé oògùn náà máa ń pẹ́ dé. Inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé, ọ̀rọ̀ àgbà sì ni, àwọn onímọ̀ kòkòrò náà kò sọ ohun tó yàtọ̀. Kòkòrò kékeré kan ni, ẹnu rẹ̀ gùn ṣọnṣọ. Oko ló ti ń bá obì. Bí èso bá gbó jù tó là lórí igi, tàbí tó já bọ́ tí kò rẹ́ni ṣà á, ojú ihò yẹn ló ń gbà wọlé yé ẹyin sí i. Ìdin á máa jẹ inú ẹyọ obì lọ, ara obì náà á ṣì máa dán. Ìgbà tí wọ́n bá fi rí ihò lára obì, ẹni tó lu ú ti jẹun yó, ó ti jáde. Kí ni oògùn tí wọ́n wọ́n sí ẹ̀yìn obì fẹ́ ṣe sí ìdin tó wà nínú rẹ̀?

Nítorí náà, inú oko ni kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Kí a má dúró de ìgbà tí gbogbo igi bá gbó tán ká tó ká a. Kí a máa yí oko po léraléra, kí a máa já èyí tó gbó kó tó là. Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, kí a ṣà á kúrò nínú oko, kí a má sì dà á mọ́ obì tó yè. Ẹni tó ń fi àdá la èso, kó rọra, nítorí ojú ọgbẹ́ tí àdá bá dá sí obì, ọ̀nà ìwọlé ni fún kòkòrò.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n bó awọ funfun rẹ̀, tí wọ́n fọ̀ ọ́, kí omi gbẹ lára rẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n jẹ́ kó làágùn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dì í. Ewé tútù, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí gbòdògì, ni kí wọ́n tẹ́ sínú agbọ̀n. Iṣẹ́ tó kù kò dùn, òun gan-an ló sì ń gba obì là: kí wọ́n máa tú agbọ̀n wò déédéé, kí wọ́n yọ èyí tó lu tàbí tó ń jẹrà, kí wọ́n pààrọ̀ ewé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, ilé iṣẹ́ ìwádìí CRIN wà ní Ìdí Ayunrẹ́ n'Íbàdàn. Obì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí.

Oníbàárà náà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Tí obì kan bá lu ihò, a óò gé ibẹ̀ sọnù, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá obì tí kò ní àbàwọ́n kankan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí ó sì ń bú oníṣòwò tó bá yọ ẹyọ kan tó lu fún un, òun náà ń ti oníṣòwò náà lọ sídìí ìgò oògùn. Obì tó bá ń rùn bí oògùn, kí a dá a padà. Fífọ̀ kò ní í yọ oògùn náà tán. Àwọn ìyálọ́jà àti aṣáájú Sábó sì lágbára láti ka oògùn apakòkòrò léèwọ̀ ní ìsọ̀ obì, kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rere má baà máa bá ẹlẹ́tàn du owó kan náà.

Tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ti jẹ irú obì bẹ́ẹ̀, tí itọ́ ń dà, tí mímí ń nira, kí a má ṣe da epo pupa sí i lẹ́nu, kí a má sì fipá mú un bì. Epo kò pa oró yìí, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, kí a sì mú obì tó kù dání, pẹ̀lú ìgò oògùn náà bí a bá rí i, kí dókítà lè mọ ohun tó fẹ́ tọ́jú.