Lẹ́tà Ìta Gbangba sí Àwọn Oníṣẹ́ Iná ní Ìdànrè, Lórí Fáànù Ilé Ìwẹ̀

Sí gbogbo oníṣẹ́ iná mànàmáná tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìdànrè, àti sí àwọn onílé tí ń pè wọ́n.

Bí fáànù ilé ìwẹ̀ bá bàjẹ́, ìyẹn fáànù kékeré ara ògiri tàbí àjà tí ń fa oru omi gbígbóná sí ìta, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí oníṣẹ́ iná tú u, kí ó lọ́ wáyà tuntun mọ́ ti ògiri ní àwọ̀ sí àwọ̀, kí ó fi téèpù dúdú wé e, kí ó sì gba owó rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ pa bírékà, nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ, bí ẹni pé iná kì í dé láìròtẹ́lẹ̀.

Àwọ̀ kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú àwọn ilé tí wáyà wọn ti pẹ́, pupa ni láìfù tí iná ń gbà wọlé, dúdú sì ni níútírà tí ó ń gbà padà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà ní 2004, ó sì di dandan ní 2006, tí búráùn fi di láìfù tí búlúù sì di níútírà, bí ó ti wà lára ọ̀pọ̀ fáànù ọjà òde òní. Ṣùgbọ́n pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí òpó iná Nàìjíríà, nítorí náà wáyà búlúù tí ó ti inú àjà yọ lè jẹ́ láìfù gidi, tẹ́sítà nìkan ni ó sì lè sọ èyí tí ó jẹ́.

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù lọ jẹ mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí ń kó iná tí ó bá jò wọ inú ilẹ̀. Orí àpáta ni Ìdànrè wà, àpáta kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí irin ẹ́ẹ̀tì bá ti kọ̀ láti wọlẹ̀, gígé ni wọ́n ń gé e kúrú, tí wọ́n á sì fi sìmẹ́ǹtì bo orí rẹ̀. Bí ìdènà ilẹ̀ bá tó 100 ohm, kìkì 2.3 ampere ni 230 volt lè tì gba inú rẹ̀, bírékà 6 ampere kò sì ní já láé, ara irin tí iná ti jò sí yóò sì máa dúró de ọwọ́ tútù. Òótọ́ ni pé fáànù oníke tí ó ní àmì igun mẹ́rin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, kò nílò ẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amómigbóná inú ilé ìwẹ̀ kan náà nílò rẹ̀. Ohun tí ó yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni bírékà tí wọ́n ń pè ní RCCB, èyí tí ń fi iná tí ó wọlé wé èyí tí ó padà, tí yóò sì já kí ìyàtọ̀ wọn tó ju 30 milliampere lọ.

Bákan náà, fífa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fáànù láti ara wáyà amómigbóná láìfi fíúsì 3 ampere sí i léwu, nítorí pé wáyà náà lè jóná kí bírékà ńlá tó mọ̀.

Àjọ NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Kí onílé béèrè ìwé náà, kí ó sì rí i pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò ara RCCB, kí ó já lójú rẹ̀, kí ó tó san owó iṣẹ́.