Kí ẹ tó gé òrùlé jíìpù yín

Ní Australia, àwọn tó ń fi jíìpù háyà fún arìnrìn-àjò máa ń gé òrùlé Toyota Land Cruiser, wọn a sì fi òrùlé tó ṣeé gbé sókè rọ́pò rẹ̀, kí oníbàárà lè nàró, kó sì sùn nínú ọkọ̀. Àwọn mìíràn ń ra ohun èlò, wọ́n ń ṣe é fúnra wọn, kí wọ́n má baà san owó iṣẹ́.

Ó dára kéèyàn ṣọ́wó ná, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ìṣirò. Òrùlé wà lára ohun tó ń mú ara ọkọ̀ le. Bí ẹ bá gé e láìfi férémù irin yí ojú ibẹ̀ ká, ẹ̀mí oníbàárà wà nínú ewu lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé. Bí ẹ kò bá kun ojú irin tí ẹ gé, yóò dógùn-ún. Bí rọ́bà etí rẹ̀ kò bá mú, òjò yóò jò sórí ibùsùn.

Ìjọba ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́ kí ẹnjiníà tó láṣẹ fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láìsí ìwé yìí, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì fi gígé òrùlé sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gé bọ́ọ̀sì láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù nílé níbí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.