Adìẹ Kì í Tọ̀, Àwa Ń Tọ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe náà dùn, mi ò bá a jà. Àmọ́ inú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì SS2 ni mo ti gbọ́ pé adìẹ ò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde rárá. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa ń yà sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì na apá méjèèjì kúrò lára kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ wo àwọn tó ń jẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì wa lọ́sàn-án, ẹ ó rí i.

Kálukú ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ajá á yọ ahọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀, tí òógùn ò tó nǹkan lára rẹ̀, á lọ yíra nínú ẹrẹ̀ (ẹ má pè é ní ọ̀bùn mọ́ o, ara ló ń tù). Alángbá á yá oòrùn lórí fẹ́ǹsì láàárọ̀, tó bá gbóná jù, á sá wọ ibòji. Ní tiwa, nǹkan bí 37°C ni ara wa fẹ́ wà. Bó bá ti fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, a ó làágùn, bí òógùn náà bá sì ṣe ń gbẹ ni ara ń tutù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi yẹn ti ń wá. Ẹni tí kò mu omi, kí ló fẹ́ fi làágùn?

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Nílé-ìwé wa, a kì í gbé ike omi wọ kíláàsì, ẹnikẹ́ni kì í sì í jáde lọ tọ̀ títí bírékì yóò fi dé. Ká ní adìẹ ni wá, òfin yẹn ì bá bá wa mu. Adìẹ ò ní àpò ìtọ̀. Ẹ̀gbin tí àwa ń fi omi ṣàn dànù, òun máa ń sọ ọ́ di nǹkan funfun tí ẹ máa ń rí lórí ìgbẹ́ rẹ̀ yẹn, omi díẹ̀ ló ń bá a lọ. Kíndìnrín tiwa ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà lójúmọ́, ó ń dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ẹ̀jẹ̀, lítà kan sí méjì péré ló ń jáde bí ìtọ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jáde.

Kí n sọ ohun tí àwa ọmọbìnrin kì í fẹ́ sọ síta: ọ̀pọ̀ wa kì í mu omi láàárọ̀ nítorí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn ọ̀kan ò ṣeé tì, èkejì ò ní omi. A ó kúkú mú un mọ́ra títí a ó fi délé. Ní táàmù tó kọjá, orí fọ́ mi débi pé wọ́n gbé mi lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó bi mí pé àwọ̀ wo ni ìtọ̀ mi. Ojú tì mí, mo ní ó dà bíi tíì. Ó ní kíndìnrín mi ń ṣọ́ ìwọ̀nba omi tó kù lò ni, àti pé kí n yéé mú ìtọ̀ mọ́ra, kí kòkòrò àìsàn má bàa ráyè pọ̀ sí i nínú àpò ìtọ̀.

Àwọn tíṣà wa ń sọ pé a ó fi omi ṣeré, pé àwọn tó ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀, ìdí ìyá alákàrà ni wọ́n máa ń bá wọn. Òótọ́ ni, ṣebí àwọn náà mọ ara wọn. Àmọ́ ṣé nítorí àwọn mẹ́rin ni gbogbo kíláàsì ó ṣe máa gbẹ? Ẹ jẹ́ kí ike omi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kí ẹnì kan ṣoṣo máa jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé tó bá ń lọ àti tó bá dé.

Ẹ̀yin tíṣà wa, àwa SS2 ti ṣètò láti máa pọn omi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Orúkọ ẹni mẹ́wàá ti wà nílẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni apá wa ò ká, ẹ bá wa tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́.