Owó oṣù N75,000 l'Ẹdó: àwa tí òfin ò dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?

Ní ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọdún 2025, Gómìnà Monday Okpebholo kéde pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó tí owó rẹ̀ kéré jù yóò máa gba N75,000 lóṣù. N70,000 ni Obaseki fi í sí lọ́dún 2024. Inú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dùn. Àmọ́ àwọn èèyàn wa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì àti ilé oúnjẹ káàkiri Bìní ń bèèrè pé, ìgbà wo ló máa kan àwọn?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Òfin owó oṣù N70,000 tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ò bá ti pé 25. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ní Ọjà Ọba tàbí New Benin ló ní èèyàn mẹ́wàá pàápàá? Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye ọjà tó bá tà, òfin yọ òun náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń retí Àbújá á pẹ́ níbẹ̀. Àfi kó la ẹnu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó yìí, wà lára àwọn olórí òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1945. Ogun ti gbé owó ọjà sókè, owó oṣù ò tẹ̀ lé e. Wọ́n lé ní oṣù kan lẹ́nu ẹ̀ kí wọ́n tó padà, nígbẹ̀yìn wọ́n rí àfikún gbà. Ẹni mẹ́ta inú ṣọ́ọ̀bù ò lè daṣẹ́ sílẹ̀ o, ọ̀gá á kàn wá ẹlòmíì ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n gbé lọ síwájú ìjọba, ìwọ náà lè gbé e: ìṣirò.

Kọ owó ọkọ̀ tó ò ń san kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, kọ èyí tó ò ń san báyìí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kọ iṣẹ́ tó ti kún iṣẹ́ rẹ. Má sọ ọ́ lójú oníbàárà. Jẹ́ kí ẹ ti ọjà ná. Má sì fi owó ẹlòmíì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọ̀gá bá ní ọjà ò yá, bèèrè owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ ọ̀sán, kẹ́ ẹ jọ dá oṣù tẹ́ ẹ máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Èyí tó le jù fún wa ni pé ọ̀gá yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó mú ọmọ wá láti ilé. Ọmọ á máa rò pé tóun bá sọ̀rọ̀ owó, wọ́n á pe òun ní aláìmoore. Èmi náà lẹ́ni tó ń bá mi tajà, mo mọ bí owó ṣọ́ọ̀bù ṣe le tó. Síbẹ̀, ọmọ tí ò lè sọ̀rọ̀, tó bá yá, ó lè sá lọ, ó sì lè máa fọwọ́ kan owó ọjà. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa, ẹ tó pe ọ̀gá àtọmọ jókòó kó tó dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá bèèrè.