Bátìrì la ní kí ẹ fún wa, ẹ ní ká ra ẹ̀rọ tuntun

Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe létí títì l'Akínmọ̀ọ́rìn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa sá wọ̀ nígbà ọ̀wọ́n náírà ọdún 2023. Síìmù wà nínú ẹ̀rọ yìí bíi ti fóònù, wàhálà fóònù náà ló sì ń bá a jà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ̀rọ á máa wá a kiri, á máa fi kún agbára tó fi ń pe òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, inú bátìrì ló sì ti ń fà á. Oníbàárà á ní, "Àǹtí, ẹ tún un tẹ̀ wò." Mo tún un tẹ̀, iná tún dín.

Iná ìjọba tí à ń retí náà, bó bá dé, ó lè má lágbára. Ẹ ó rí àmì pé ẹ̀rọ ń gba iná, síbẹ̀ ohun tó ń wọlé kò tó èyí tó ń ná. Ẹni tó wá so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, tó tún ń fi ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, bátìrì rẹ̀ kò ní pẹ́ láyé, torí ooru ni ọ̀tá bátìrì lithium. Bí bátìrì bá wú, ẹ má gún un, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó lè gbiná. Samsung fúnra wọn kó Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà lọ́dún 2016 nítorí bátìrì tó ń gbiná.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé nígbà tí bátìrì tèmi wú, àwọn tó fún mi lẹ́rọ ní àwọn kì í ta bátìrì, kí n lọ san owó ẹ̀rọ tuntun. Bí táyà ọ̀kadà bá bẹ́, ṣé ọ̀kadà mìíràn là ń rà ni? Ayédèrú bátìrì ló kún ìta, ṣájà olówó pọ́ọ́kú náà ò sì gbẹ́yìn.

Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ti sọ pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, kí ẹni tó ni ín lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa tó ń ṣòfin fún iṣẹ́ POS lè ṣe tiwọn náà: ẹni tó bá ń pín ẹ̀rọ káàkiri ìgbèríko, kó kó ojúlówó bátìrì sí Fìdítì tàbí Ìlọrà nítòsí wa, lówó tápá wa ká.