Àlejò ní Ìlú Baba Rẹ̀

Bí oṣù Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, tàbí bí ọdún bá ti ń sún mọ́ ìparí, a máa ń rí i nínú ẹgbẹ́ wa bí àwọn ènìyàn ṣe ń sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń di àpótí, tí wọ́n ń ra ẹ̀bùn fún ẹbí tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn kò mọ̀, tí àwọn ọmọ tí a bí sí Peckham àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Ìkòròdú. (Ó wà.) Inú wa a máa dùn sí i, nítorí àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Síbẹ̀, ó yẹ kí ìwé ìròyìn yìí sọ ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó gbéra: àwa tí a ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, àti àwọn ọmọ wa tí kò gbé ilé rí, àlejò ni gbogbo wa ní ìlú baba wa. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ẹni tí ó yẹ kí ojú tì ni ẹni tí ó dé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lánàá, tí ó ń rìn bí onílé, tí kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà tí àwọn àgbà ti wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ti ìwé ni n óò kọ́kọ́ sọ, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí a bí sí òkèèrè, tí baba tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni òun náà láti ìgbà ìbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kò ṣe é lu òǹtẹ̀ lé lórí, ìwé ni òṣìṣẹ́ pápákọ̀ Ìkẹjà yóò béèrè, nítorí náà ọmọ tí ó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti gba físà kí ó tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní àṣẹ ìgbélùú níhìn-ín láìtíì di ọmọ onílẹ̀, ẹ rántí pé káàdì ìgbélùú tí ẹ ń fi hàn tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Ẹ rí i pé ìwé ìrìnnà tí ẹ mú dání ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má baà jẹ́ ìgbà àbọ̀ ni ẹ óò máa bẹ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Owó tí ó bá ju $10,000 lọ, ẹ kéde rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè.

Ti ìlera ni ó gùn. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí ìwé rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016, ẹni tí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ibà málàríà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni ó ń fi ìgbéraga wa ṣe wá ní èṣe. Nínú àwọn tí ń gbé ibà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún, àwa tí a lọ kí ará ilé ni a pọ̀ jù, kì í ṣe òyìnbó tí ó lọ wo erin àti kìnnìún. Òyìnbó bẹ̀rù, ó lo oògùn, àwa ń sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé bí wa. Agbára tí ara wa fi ń bá ibà jà ní kékeré a máa rẹ̀yìn bí a bá pẹ́ níbi tí kò sí ibà, ọmọ tí a bí síhìn-ín kò sì ní in rárá. Ẹ lọ bá dókítà tàbí apoògùn kí ẹ tó lọ: oògùn kan wà tí à ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn-àjò, tí a ó sì lò fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn àbọ̀, òmíràn wà tí a ó lò fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn àbọ̀, ẹ má sì ṣe jù ú nù nítorí pé ẹ ti fojú kan Heathrow. Bí ara yín bá gbóná lẹ́yìn náà, kódà bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ dé Nàìjíríà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni ó jẹ mí lógún jù. Iye owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò kí a tó mú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ta ni nínú wa tí ń béèrè pé kí ni ìlú fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà? Ní Ìkòròdú, bí Orò bá máa jáde, a ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, obìnrin kò sì gbọdọ̀ jáde, ì báà jẹ́ ọmọ onílùú, ì báà jẹ́ àtọ̀húnrìnwá tí ó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo mọ̀ pé àwọn arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò béèrè bóyá òfin ilẹ̀ kò fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti rìn níbi tí ó bá wù ú. Ìbéèrè tí ó dára ni, gbọ̀ngàn ìpàdé wa sì ni àyè rẹ̀, kì í ṣe ojú títì Ìkòròdú lọ́jọ́ Orò. Ẹ pe ará ilé kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ óò lọ sí pápákọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ìsémọ́lé. Bí ó bá sì bá yín níbẹ̀, ẹ ra oúnjẹ, omi àti káàdì ìpè sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ kò mọ awo, ẹ jókòó sílé pẹ̀lú aya yín.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí Ẹ̀pẹ́ nínú ẹwà rẹ̀, kí ó jẹ́ kí Kérésìmesì máa lọ, kí ó dúró de Káyókáyó tí ń tẹ̀ lé Iléyá, kí ó sì rántí pé Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ọdún ìrántí ni Káyókáyó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ó tẹ̀dó sí, tí ó sì bá aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1854, kí ó tó padà sí Èkó ní 1862. (Pé ìlú àwọn tí ó lé baba wọn ni ọmọ Ẹ̀pẹ́ wá ń san owó ilé sí lónìí, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwàdà ní ìpàdé wa rí.) Láti ìgbà náà ni Èkó Ẹ̀pẹ́ ti wà pẹ̀lú Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ èyí tí àwọn ọmọ yín jẹ́ fún wọn kí wọ́n tó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbà, nítorí ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé “Ọmọ ta ni ọ́?” nìyẹn.

Ní ti ọ̀nà, bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Mile 12 sí Ìkòròdú láti ọdún 2015, káàdì Cowry ni à ń fi wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èbúté Ìpakodò, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má sì rí i mú. Ṣùgbọ́n kí ó wọ jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà, kí ó so ó dáadáa, kí ó má sì wọ ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣí lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, nítorí ìjọba ti ka ìrìn òru léèwọ̀ lórí ọ̀sà, ó sì nídìí. Láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ẹ gba Ìtòkín, ẹ kò ní láti padà sí Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ wo Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, tí ó sì gba àgbègbè Ẹ̀pẹ́ kọjá, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọmọ ìlú ṣáájú yín.

Ó ku ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ kí ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó béèrè iye, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ sì jẹ́ kí àǹtí kan bá yín ná an, nítorí ahọ́n yín yóò tú yín fó. Ẹ óò rí ẹran ìgbẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ra akíka, ẹranko tí gbogbo ayé ti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, ẹ má sì di awọ ọ̀nì sínú àpótí. Ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ì báà jẹ́ sùúyà tí a dì sínú ọ̀rá mẹ́ta. Ẹja ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ẹ wò ó lórí ojú ìwé ìjọba kí ẹ tó ra apẹ̀rẹ̀ kan. Gààrí kò ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ẹ kó o dé ìwọ̀n tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbà.